Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán ọpọlọ Bàbá: ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọKáfíńtà_Ọ̀fà · ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ Bàbá wa ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi tọ́ wa ní Ọ̀fà. Bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé nǹkan ti yí padà. Wọ́n á wọn pákó tán, wọ́n á tún un wọ̀n, wọ́n á tún bi ọmọṣẹ́ pé ẹsẹ̀ mélòó ni àwọn pè é lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n kí ìrun àsùbáà tán, dípò kí wọ́n forí lé ilé, ilé àtijọ́ tí a ti kó kúrò lọ́dún 1998 ni wọ́n gbà lọ. Alápatà kan tó mọ̀ wá ló dá wọn padà. Ìrìn wọn náà ti yàtọ̀, ńṣe ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí ní wọ́n ń ṣarán ni, pé ọjọ́ ogbó ló dé. Àbúrò Bàbá ní kì í ṣe ojú lásán, pé ẹni tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀ ló ń bá wọn jà. Mo mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà bi wọ́n ní ọjọ́ òní, ó ní kí wọ́n ya aago sórí ìwé. Ẹni tó ń kan àga láìwo àpẹẹrẹ kò rí aago yà, gbogbo nọ́ńbà ló kó sápá kan. Omi bọ́ lójú mi. Dókítà kọ lẹ́tà pé ká lọ ya àwòrán ọpọlọ ní Ìlọrin, "CT, tàbí MRI bí agbára bá ká a".

Kí ni ìyàtọ̀ méjèèjì? Ṣé kò ní pa wọ́n lára? Bí wọ́n bá yà á tán, ṣé wọ́n á rí ohun tó ń ṣe wọ́n? Owó tó wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè ná. Bàbá fúnra wọn sì ní bíi pósí ni ẹ̀rọ náà rí, pé ẹnikẹ́ni kò ní ti àwọn sínú pósí láàyè.

Aláwòrán_GaaAkanbi · ọjọ́ Ajé, aago 9:52 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fún Bàbá lálàáfíà. Iṣẹ́ yíya àwòrán yìí ni mò ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá wá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu ti jẹrà nínú, àfi kó gé e. CT ń gé orí ní abala abala bí iṣu tí a fẹ́ fi dín dùńdú, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ìtànṣán X-ray á yí orí po, kọ̀ǹpútà á ṣírò èyí tó là á kọjá àti èyí tí egungun tàbí ẹ̀jẹ̀ dá dúró, àwòrán abala kọ̀ọ̀kan á sì jáde. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn ní London ní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo inú orí ni pé kí wọ́n fa omi tó yí ọpọlọ ká kúrò, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tó ya X-ray. Ẹ̀fọ́rí tó máa ń tẹ̀ lé e le gan-an. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó bá ń bẹ̀rù CT, torí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tiwa, kò sì dunni.

MRI kò lo X-ray rárá. Òòfà ńlá ni. Omi pọ̀ nínú ara wa, òòfà yẹn á to àwọn ohun tíntìntín tó wà nínú omi náà sójú kan, ẹ̀rọ á rán ìgbì bíi ti rédíò sí wọn, wọ́n á dáhùn, ìdáhùn yẹn ni kọ̀ǹpútà sọ di àwòrán. Paul Lauterbur ti Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2003. Ó ń pariwo bí ẹni ń fi òòlù lu páànù, ó sì máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú sí ogójì, kí onítọ̀hún má sì mira.

CT tètè ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí hàn, àti egungun tó fọ́, kókó ńlá, omi tó pọ̀ jù. MRI ń fi kékeré hàn: rọparọsẹ̀ wẹ́wẹ́, ibi tí ọpọlọ ti ń fà, ìyẹn tó ń sún kì, àpá tó ń fa wárápá. Ẹ padà lọ bi dókítà yín pé, "Kí lẹ fẹ́ kí àwòrán yìí bá wa wò?" Bí èsì bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tàbí kókó, CT tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé MRI dára jù torí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Tíṣà_ÒmùÀrán · ọjọ́ Ajé, aago 10:20 alẹ́

Èmi ò gbà yẹn o. Tèmi, CT ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kò fi nǹkan kan hàn, wọ́n tún ní ká lọ ṣe MRI. Owó méjì. Bí owó bá wà, ẹ bá MRI lọ tààrà.

Aláwòrán_GaaAkanbi · ọjọ́ Ajé, aago 10:41 alẹ́

Tíṣà, kí ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n yín?

Tíṣà_ÒmùÀrán · ọjọ́ Ajé, aago 10:44 alẹ́

Wárápá ni.

Aláwòrán_GaaAkanbi · ọjọ́ Ajé, aago 10:58 alẹ́

Ó yé mi. Fún wárápá, MRI ló tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ẹ ò jẹ̀bi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Ọ̀fà yàtọ̀. Àgbà tó ń gbàgbé, tí ìrìn rẹ̀ sì yí padà láàárín oṣù mélòó kan, CT ni màá kọ́kọ́ wò. Ohun mìíràn: kì í ṣe gbogbo MRI ló lágbára kan náà. Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà. Èyí tó jẹ́ 1.5 Tesla ń fi nǹkan hàn kedere ju èyí tó jẹ́ 0.3 lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé Tesla mélòó ni tiwọn. Ẹ̀tọ́ yín ni.

ÌyáÀlímọ̀_Pàkátà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:03 àárọ̀

Àsàlámù àlékùm. Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn ìrun, n kò lè dákẹ́.

Màmá mi, ẹni ọdún 79, fi orí gbá àtẹ́rígbà ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ó wú díẹ̀, a fi òrí pa á, ó tán. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ń fi orúkọ àbúrò mi tó ti kú pè mí. Abọ́ ń bọ́ lọ́wọ́ òsì wọn. Gbogbo àdúgbò ní Alàájà ti ń ṣarán, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo ti ń wá ọmọ tí yóò máa tọ́jú wọn. Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dé láti Abuja tó ní àfi ká ya CT. Ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ro jọ díẹ̀díẹ̀ sáàárín agbárí àti ọpọlọ, tó ń ti ọpọlọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n lu ihò méjì sí agbárí, wọ́n fà á jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n padà sí ìdí wàrà wọn tí wọ́n ń bá àwọn oníbàárà takùrọ̀sọ.

Oṣù kan péré ló kù kí n sọ màmá mi di ẹni tó ti kọjá àtúnṣe. Mo ṣì ń rántí rẹ̀ lóru. Ṣé Bàbá ti ṣubú rí láìpẹ́ yìí? Ṣé wọ́n ń lo aspirin? Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ọpọlọ àgbà ti ń fà díẹ̀, àyè wà láàárín òun àti agbárí, ìgbá kékeré lè já iṣan ibẹ̀, aspirin sì lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà má tètè dá.

ỌmọKáfíńtà_Ọ̀fà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 àárọ̀

Alàájà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún wa. Ọ̀kadà gbé Bàbá ṣubú lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé nígbà ọ̀yẹ́! Wọ́n ní àwọn kò fi orí lélẹ̀, ìgúnpá ló bó, a kò tún rò ó mọ́. Wọ́n sì ń lo aspirin. Ọkàn mi ò balẹ̀, àmọ́ mo ń ní ìrètí.

Nọ́ọ̀sì_ÀjàṣẹÌpo · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán

Ẹ má dá aspirin náà dúró fúnra yín o, ẹ sọ fún dókítà kó pinnu.

Kí ẹ tó gbéra, ṣé wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti ṣúgà? Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún táíròìdì àti fítámì B12? Àìtó méjèèjì lè mú kí iyè ra, oògùn sì wà fún un. Ìbànújẹ́ náà ń ṣe é. Àgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú lè máa gbàgbé nǹkan torí pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ tún kó gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníkíríkírí. Piriton tí àwọn àgbà wa ń lò kí oorun lè kùn wọ́n, ó ń da iyè wọn rú gidigidi. Fálíọ̀mù náà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ìyá kan rí tó jẹ́ pé ọ̀rá oògùn yẹn ló ní ìdáhùn, a kò ya àwòrán kankan.

Bó bá jẹ́ MRI, ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe eré. Káfíńtà ni Bàbá. Ṣé ìṣó tàbí èérún irin ti ta sí wọn lójú rí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, X-ray ojú ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà, torí pé òòfà lè fa èérún náà kó ba ojú jẹ́. Èyí kan àwọn wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí àyà kó máa bá ọkàn rẹ̀ lù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bọ́ aago, òrùka, ìfúnpá, tírà tí wọ́n fi irin dè. Ẹ̀yin obìnrin, pín-ìn-nì híjáàbù, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní irin, irun àtọwọ́dá tó ní ìkọ́, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ nílé. Ẹ nu tìróò ojú kúrò.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń mú àwòrán hàn síi, kí wọ́n ti yẹ kídìnrín wọn wò. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo metformin sọ ọ́ fún wọn.

Bọ̀dáOníbọ́ọ̀sì_GáréèjìỌ̀fà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ mo ti gbé aláìsàn lọ gbé wọn bọ̀ láìníye.

Bẹ́ẹ bá ń ti Ọ̀fà bọ̀, Àjàṣẹ́ ni, Ganmo, ẹ dé Gáréèjì Ọ̀fà ní Ìlọrin. Òkè-Òsé tí ọsibítù yunifásítì wà, òdìkejì ìlú pátápátá ni, lójú ọ̀nà Jẹ́bà. Bẹ́ẹ bá ní láàárọ̀ lẹ máa kúrò ní Ọ̀fà, kí ẹ tó dé ibẹ̀, wọ́n lè ti gba nọ́ńbà tán. Ẹ sun Ìlọrin mọ́jú. Bó sì jẹ́ ibùdó aládàáni láàárín ìlú lẹ fẹ́ lò, ẹ pe méjì mẹ́ta, ẹ gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà, kí ẹ tún pè láàárọ̀ ọjọ́ náà bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Mo gbé ìyá kan lọ síbì kan rí, a sanwó tán kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ láti àná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dá owó náà padà, ìyá ọ̀hún ń ti Igbájà wá lójoojúmọ́. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo bá rántí.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba nǹkan mẹ́ta: fíìmù, sídì, àti ìwé tí dókítà tó ka àwòrán náà kọ. Àwọn kan ń gba fíìmù nìkan lọ sílé.

Àlùfáà_Òkèlélé · ọjọ́ Rú, aago 5:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí àbúrò Bàbá tó ní kì í ṣe ojú lásán. Ọmọ, má bá a jà. Sọ fún un pé àdúrà kò ní kí a má lọ yẹ ara wò. Ànábì wa ní ká wá ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tí gìrì tàbí wárápá ń dà láàmú wá. Mò ń ṣàdúrà fún wọn, àmọ́ mo ń sọ fún òbí pé kí wọ́n má fi síbí sí i lẹ́nu, kí wọ́n má fún un ní ìtọ̀ màálù, ọmọ ti kú lórí èyí. Kí wọ́n dá a dẹ̀gbẹ́, kí wọ́n máa wo aago, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí tí wọ́n ń pè ní EEG. Kì í ya àwòrán, iná tó wà nínú ọpọlọ ló ń kọ sórí ìwé. Ẹ fọ irun ọmọ dáadáa kí ẹ tó lọ, ẹ má fi òróró sí i. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní kí ọmọ má sùn dáadáa lóru tó ṣáájú. Ọmọ tí EEG rẹ̀ kò fi nǹkan hàn ṣì lè ní wárápá. Ohun tí ẹ fi ojú yín rí nígbà tó mú un, bẹ́ẹ bá fi fóònù ká a sílẹ̀, dókítà máa ń dúpẹ́ gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèOdò · ọjọ́ Rú, aago 11:26 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ ni mò ń kà, ó sì wù mí kí n fèsì sí ìbéèrè kẹta tí ẹ̀gbọ́n bi: bóyá wọ́n á rí ohun tó ń ṣe Bàbá.

Láyé àtijọ́, àfi kí aláìsàn kú kí wọ́n tó mọ ibi tó ti bàjẹ́ nínú orí rẹ̀. Lọ́dún 1861, Paul Broca, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ní aláìsàn kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ. Ìgbà tó kú ni Broca tó rí àpá lápá òsì ọpọlọ rẹ̀. Alois Alzheimer ní Jámánì náà, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú àrùn ìgbàgbé kan, ìgbà tí obìnrin tó ti tọ́jú rí kú lọ́dún 1906 ló tó lè gé ọpọlọ rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi. Ohun tí àwòrán ṣe fún wa ni pé a lè wò ó nígbà tí onítọ̀hún ṣì ń mí, ká tún wò ó lọ́dún tó ń bọ̀, ká rí bó ṣe ń yí. Seiji Ogawa ti Japan fi hàn lára eku ní 1990 pé MRI lè fi ìyípadà ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ hàn, nígbà tó di 1992 wọ́n ti ń fi í rí ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn. Lọ́dún 2004 àwọn onímọ̀ ní Pittsburgh àti Uppsala lo ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn tí wọ́n ń pè ní PET láti fi rí ìdọ̀tí tí àrùn Alzheimer ń kó sínú ọpọlọ ẹni tó wà láàyè.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gbangba: iṣẹ́ ìwádìí ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn jọ, wọ́n ń wo ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣàìsàn àtàwọn tí ara wọn dá. Ìyàtọ̀ tó hàn láàárín ẹgbẹ́ méjì lè má hàn lórí fíìmù ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwòrán kò fi lè sọ pé ẹnì kan ní ìdààmú ọkàn tàbí wèrè. Dókítà á gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Àìsàn agbọ̀nrìrì Parkinson náà, CT wọn sábà máa ń dára. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á fi sikáànì mọ ìwà ọmọ yín, ẹ má sanwó.

Ohun mìíràn tó ń dùn mí ni pé ara àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ òdiwọ̀n tí a ń lò. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí àrùn Alzheimer tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, tí wọ́n ń pè ní ADNI, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwa lè yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì ti Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Indianapolis, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, tọ àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn àtàwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé láàárín ọdún kan, àrùn ìgbàgbé mú ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti Ìbàdàn, ó mú 3.24 lára àwọn ti Indianapolis. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé gbogbo àgbà ló gbọ́dọ̀ ṣarán. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń kó àwòrán tiwa jọ báyìí. Àkójọ àwòrán tí wọ́n ń pè ní BraTS-Africa, tó jáde ní 2023, MRI àwọn aláìsàn tó ní kókó nínú ọpọlọ nílẹ̀ wa ló wà nínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ láti máa dá kókó mọ̀ lórí irú ẹ̀rọ tí a ní. Bí wọ́n bá bi yín nílé ìwòsàn bóyá ẹ gbà kí wọ́n lo àwòrán Bàbá fún ìwádìí láìfi orúkọ sí i, ẹ bèèrè ìbéèrè tó bá wà lọ́kàn yín. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbà.

Nọ́ọ̀sì_ÀjàṣẹÌpo · ọjọ́ Rú, aago 2:08 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, torí ẹlòmíràn tó lè ka ibí yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfarabalẹ̀ yìí, ti àìsàn tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má pe ibùdó mẹ́ta, ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni àyè rẹ̀, wọn kò sì lè fi í síni lára kí CT tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò dà sínú orí. Ìdí kan náà ni kí ẹ má fi fún un ní aspirin nílé. Ẹ má da àgbo sí i lẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun lè ti rọ, kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí CT bá mọ́ ní wákàtí àkọ́kọ́, kò túmọ̀ sí pé kì í ṣe rọparọsẹ̀. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì kì í tètè hàn lórí CT, àwọn tó dà ló ń hàn kíá.

ỌmọKáfíńtà_Ọ̀fà · ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, aago 4:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, a ti lọ, a ti bọ̀. Gbogbo yín ni mo kí.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ àti omi lòun fẹ́ wò, nítorí náà CT la ṣe. Bọ̀dá Oníbọ́ọ̀sì, a sun Ìlọrin mọ́jú, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ọ̀rọ̀ pósí ni mo bẹ̀rù jù. Ẹni tó ń ya àwòrán níbẹ̀ kò bá Bàbá jiyàn, ó ní kí wọ́n wá wò ó ná. Wọ́n rí i pé bíi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ló rí, ó lu já síwájú, ó lu já sẹ́yìn. Wọ́n fọwọ́ kan tábìlì náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ìgbà tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tán, wọ́n dùbúlẹ̀ fúnra wọn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Alàájà, ìrètí tí ọ̀rọ̀ yín fi sí mi nínú, òun ni mo gbé dé ibẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ro jọ. Mo ní kí n má purọ́ fún yín, ìbànújẹ́ bá mi. Ohun tí wọ́n rí ni àpá rọparọsẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi mẹ́rin nísàlẹ̀ ọpọlọ, àwọn tí a kò mọ ìgbà tí wọ́n ṣẹlẹ̀, àti pé ọpọlọ fà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́jọ́ náà jẹ́ 178 lórí 104. Dókítà ọpọlọ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fa ìgbàgbé náà. Ó ní ohun tó ti lọ lè má padà, ṣùgbọ́n bí a bá mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ tí a kò jẹ́ kó gòkè mọ́, a lè dá èyí tó kù dúró. Ó tún ní Piriton kò gbọ́dọ̀ wọlé wa mọ́. Nọ́ọ̀sì, ó wà nínú ọ̀rá oògùn wọn lóòótọ́.

Mo gbé fíìmù náà dání sí fèrèsé kí àbúrò Bàbá lè wò ó. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí àpá kọ̀ọ̀kan bí dókítà ṣe fi hàn mí. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò dárúkọ ẹni tó ń bá Bàbá du ilẹ̀ mọ́ látọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ pé àwọn gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒkèOdò · ọjọ́ Àìkú, aago 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má rò pé owó náà ṣòfò. Ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn darí ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi ẹni 2118 tó ní rọparọsẹ̀ wé iye kan náà tí kò ní. CT tàbí MRI ni wọ́n fi jẹ́rìí sí rọparọsẹ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí àbúrò Bàbá náà lọ wọn tiwọn, torí ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

ÌyáÀlímọ̀_Pàkátà · ọjọ́ Àìkú, aago 7:45 alẹ́

Ọmọ mi, má banújẹ́. O wò ó kó tó pẹ́ jù. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé?

ỌmọKáfíńtà_Ọ̀fà · ọjọ́ Àìkú, aago 8:30 alẹ́

A ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ mi obìnrin ló ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lálẹ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ti òwúrọ̀ yìí jẹ́ 146 lórí 88. A kọ orúkọ Bàbá àti nọ́ńbà fóònù mi sínú ìwé kékeré kan sápò gbogbo bùbá wọn, alápatà ọjọ́sí náà sì ti ní òun á máa bá wọn rìn bọ̀ láti mọ́sálásí. A gbé ayùn oníná kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. A kò gba ìwọ̀n lọ́wọ́ wọn, inú wọn máa bàjẹ́ jù. Wọ́n ń wọn pákó wọn, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri báyìí dípò kí wọ́n fi sórí, ọmọṣẹ́ á tún un wọ̀n kó tó gé e.

Tíṣà_ÒmùÀrán · ọjọ́ Àìkú, aago 9:02 alẹ́

Sídì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wúlò? Ti ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún méjì.

Aláwòrán_GaaAkanbi · ọjọ́ Àìkú, aago 9:10 alẹ́

Ó wúlò ju fíìmù lọ, Tíṣà. Gbogbo abala ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà lórí fíìmù kò tó ìdajì. Ẹ fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kó bá yín kọ ọ́ síbòmíràn kí ooru má bà á jẹ́, kí ẹ sì gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá padà lọ rí dókítà, kó lè fi ti tuntun wé e.

ỌmọKáfíńtà_Ọ̀fà · ọjọ́ Àìkú, aago 9:21 alẹ́

Tiwa wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i la máa padà lọ.